Bí a ṣe ń ṣètò ìrìn kékeré lọ sórí Olúmọ

Ẹni tó ń lọ gun Òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, máa ń múra. Á wá bàtà, á ra omi, á tètè sùn. Ẹni tó ń lọ sí Àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ òde ló máa wọ̀, á fi sílípáàsì tàbí bàtà onígìgísẹ̀ gíga sẹ́sẹ̀, á dé ibẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán, nígbà tó bá sì délé, á ní àpáta yẹn kì í ṣe eré. Olúmọ kò ga. Oòrùn, òkúta tí òjò pa àti sísọ̀kalẹ̀ ló ń fìyà jẹ èèyàn níbẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ṣeé yanjú láti ilé, bí ẹ bá ti mọ wákàtí tó yẹ kí ẹ débẹ̀ àti èyí tó yẹ kí ẹ kúrò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ gíga kúrò nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti kọ ọ́ pé Olúmọ ga tó mítà 137. Láti ojú òkun ni wọ́n ti wọn ìyẹn. Abẹ́òkúta kò sì sí létí òkun. Ilẹ̀ ìlú náà ti ga díẹ̀ kí ẹ tó dé ẹnu géètì rárá. Nítorí náà, ohun tí ẹsẹ̀ yín máa gùn gan-an kéré sí mítà 137 dáadáa. Òkè yòówù tí ẹ bá fẹ́ gùn, iye tó wúlò fún yín ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àti ṣóńṣó rẹ̀. Máàpù orí fóònù tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn lè sọ ti ibi méjèèjì fún yín; ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣírò àkókò. Ìlànà kan wà tí William Naismith, ará Scotland, gbé kalẹ̀ ní 1892, àwọn tó ń gun òkè ṣì ń lò ó títí di òní: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí ẹ wá fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 kún un fún mítà 100 kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gùn. Bí ọ̀nà òkè kan bá jẹ́ kìlómítà 1, tí ẹ sì máa gòkè ní mítà 100 níbẹ̀, ìṣẹ́jú 12 pẹ̀lú 10 ni, ìyẹn 22. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò dúró níbì kankan, ni Naismith ń bá wí. Bí ọmọdé, ìyá àgbà tàbí ẹni tó fẹ́ràn fọ́tò bá wà láàárín yín, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ní Olúmọ, gígun àpáta nìkan lè parí láàárín ìdajì wákàtí. Ihò, ojúbọ, àlàyé ẹni tó ń mú yín káàkiri àti dídúró ya fọ́tò ló ń jẹ àkókò. Ẹ ya wákàtí méjì àbọ̀ sọ́tọ̀ láti géètì padà sí géètì.

Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa kà á padà sẹ́yìn. Oòrùn kì í wọ̀ kọjá nǹkan bí aago méje ní apá ibí yìí láìka oṣù sí, nígbà tó bá sì di oṣù Kọkànlá, aago mẹ́fà àbọ̀ ni. Ilẹ̀ sì máa ń yára ṣú lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ẹ fi aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣe àkókò tí gbogbo yín gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé bí ẹ bá fẹ́ lọ ní ọ̀sán, ẹ gbọ́dọ̀ ti wọlé kó tó di aago méjì àbọ̀, ìyẹn gan-an sì ni ìgbà tí àpáta gbóná jù. Akọ òkúta ń gba ooru sára láti àárọ̀, kì í sì í tètè tú u sílẹ̀. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lára ọwọ́ nígbà tí ẹ bá di ògiri òkúta mú. Òwúrọ̀ ló dára jù. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ń ṣí géètì lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ sì wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ wọlé. Kó tó di aago mọ́kànlá, ẹ ti sọ̀kalẹ̀.

Ní ti oṣù, òjò ń rọ̀ láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní gbẹ dáadáa, ṣùgbọ́n ọyẹ́ máa ń bo ojú ọ̀run: ẹ ó gun òkè tán, ẹ ò ní rí Odò Ògùn. Bí ẹ bá ní kí n yan ọ̀kan, oṣù Kọkànlá ni màá mú. Òjò ti ń dáwọ́ dúró, eruku kò tíì gbalẹ̀, ewéko ṣì tutù. Ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀ sì sàn ju ọjọ́ ọdún Iléyá tàbí Àjíǹde lọ, nítorí ọ̀nà inú àpáta há, ẹni tó ń gòkè àti ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ kì í lè kọjá lára ara wọn ní àwọn ibì kan. Ṣùgbọ́n lásìkò ilé ìwé, ẹ lè bá ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ.

Òkúta ló yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Bí akọ òkúta bá gbẹ, ojú rẹ̀ rí ṣákiṣàki, ó sì ń di bàtà mú. Ẹ wo ara àpáta dáadáa, ẹ ó rí àwọn ìlà dúdú gígùn tó ṣàn wá sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni omi òjò máa ń gbà, ohun tó ń hù sójú òkúta ló sì sọ ọ́ di dúdú. Ní ọjọ́ gbígbẹ, kò sí ewu níbẹ̀. Bí omi bá ti kàn án báyìí, ó di ọ̀rá lábẹ́ ẹsẹ̀, rọ́bà bàtà tó dára jù lọ kò sì lè dì í mú. Ibi tí oòrùn ń dé lè gbẹ láàárín wákàtí kan lẹ́yìn òjò. Inú pàlàpálá àpáta, níbi tí oòrùn kì í dé, lè máa rin títí di ọjọ́ kejì. Nítorí náà, kí ẹ rí i pé ojú ọ̀run ti mọ́ kò tó. Bí òjò bá rọ̀ lóru, ẹ sún ìrìn náà síwájú di ọ̀sán tàbí di ọjọ́ mìíràn, tàbí kí ẹ gba àtẹ̀gùn tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, kí ẹ fi ọ̀nà àtijọ́ inú àpáta sílẹ̀.

Yanrìn ni ìkejì. Òkúta ń wó díẹ̀díẹ̀ nítorí ooru ọ̀sán àti òtútù òru, ohun tó ń wó sílẹ̀ ni hóró yanrìn líle tó ń kó jọ sórí àtẹ̀gùn àti sí ibi tó dagẹ̀rẹ̀. Títẹ̀ ẹ́ dà bí ìgbà téèyàn tẹ àgbàdo gbígbẹ tó dà sórí sìmẹ́ǹtì: ẹsẹ̀ kò yọ̀, ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ló ń yí. Ní gígòkè, ẹ lè má fura. Ní sísọ̀kalẹ̀, òun ló ń gbé èèyàn jókòó lójijì. Ẹ fi ẹsẹ̀ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó gbé ara lé ibẹ̀.

Bàtà wá ńkọ́? Kánfáàsì tàbí bàtà eré ìdárayá tó ní okùn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà rírọ̀ tó ṣì ní pàlàpálá, ti tó. Kò sí ìdí láti ra bàtà olówó ńlá fún òkè kékeré. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn ilé yín kí ẹ kọjú sísàlẹ̀: bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá ń kan iwájú bàtà, èékánná yín ni yóò san owó rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ fi okùn dì í, ẹ gbìyànjú láti gbé gìgísẹ̀ sókè nínú rẹ̀: bí ó bá ń gbéra, á bó yín lẹ́sẹ̀. Ìkẹta ni èyí tí kò sẹ́ni tó ń rántí: bí bàtà náà bá ti wà nínú páálí láti ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ká a síwá-sẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ooru àti ọ̀rinrin inú ilé máa ń jẹ gọ́ọ̀mù àti fóòmù ìsàlẹ̀ bàtà, bàtà tó rí bíi tuntun á sì ṣí ẹnu lójijì láàárín òkè. Ẹ má sì wọ bàtà tuntun gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ti fi rìn nínú àdúgbò fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Sílípáàsì kò dáa rárá. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ burú jù ú lọ, nítorí awọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní ohun tó máa fi di òkúta mú.

Ṣòkòtò ló rọrùn jù. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ìró, kí ó ró o dé agbedeméjì ojúgun, kó má gùn dé ilẹ̀, torí ẹsẹ̀ iwájú ló ń tẹ etí ìró nígbà tí ti ẹ̀yìn bá fẹ́ gòkè. Gèlè ńlá kò bá ihò inú Olúmọ mu. Òrùlé òkúta ibẹ̀ rẹlẹ̀.

Omi: lítà kan fún àgbàlagbà, ìdajì lítà fún ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Píọ̀-wọ́tà 50cl méjì jẹ́ lítà kan, ó sì wọ̀n ní kílò kan. Wàhálà píọ̀-wọ́tà ni pé bí ẹ bá ti fi eyín já a, kò sí bí ẹ ṣe lè dé e padà, ọwọ́ kan á sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí tí ẹ ó fi mu ún tán. Ẹ dà á sínú ike tó ní ìdérí kí ẹ tó kúrò nílé. Báágì ẹ̀yìn kékeré ni kí ẹ kó gbogbo ẹrù sí, kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo. Báágì ọlọ́wọ́ ò bá òkè mu. Ẹ̀pà oníyọ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dáa, nítorí iyọ̀ ń bá òógùn lọ. Ẹ jẹun ní wákàtí méjì ṣáájú, kó má pọ̀. Àmàlà tó kún àwo àti àpáta kì í ṣe ọ̀rẹ́ láàárọ̀ kan náà. Ẹ fi ìyẹn dúró de ìsọ̀kalẹ̀.

Ohun tó kù nínú báágì kò tó nǹkan: tọ́ọ̀ṣì kékeré, nítorí inú ihò ṣókùnkùn tí iná fóònù sì ń jẹ bátìrì, bándéèjì onírọ́bà kan, oògùn tí ẹnikẹ́ni nínú yín ń lò, pàápàá inhaler ẹni tó ní ikọ́ fée, owó, títí kan owó kéékèèké, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má jẹ́ kí POS ṣiṣẹ́ lẹ́nu géètì. Kí ẹnì kan nílé mọ òkè tí ẹ lọ àti aago tí ẹ ó pè é. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò tíì lọ sílẹ̀, aláboyún tí oṣù rẹ̀ ti pọ̀, àti ẹni tí orúnkún ń dùn, kí wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀ ná.

Ọ̀nà dé ibẹ̀ kò le. Láti Èkó, nǹkan bí 100 kìlómítà ni, yálà ẹ gba Sángò, Ìfọ́ àti Ewékorò, tàbí ẹ gba títì Ìbàdàn kí ẹ yà sí ọ̀nà Ṣíun. Ìkìjà ni àpáta náà wà, ẹ̀yìn ọjà Ìtòkú. Gbogbo ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ló mọ̀ ọ́n.

Lẹ́nu géètì, ẹ béèrè ẹnì kan tó máa mú yín káàkiri, kí ẹ sì sọ iye rẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Mo mọ̀ pé àwọn kan rò pé owó àsìnpa ni. Kò rí bẹ́ẹ̀: òun ló mọ òkúta tó ń mì àti ibi tó rin láàárọ̀ yẹn. Lífìtì wà níbẹ̀ láti ìgbà àtúnṣe ọdún 2006. Ẹ béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi í ṣe ìpìlẹ̀ ètò yín. Ẹni tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, kó má fi lífìtì gòkè. Bí iná bá lọ, òkè ló máa wà.

Ọ̀nà àtijọ́ ló dùn jù, ó gba àárín òkúta méjì tó súnmọ́ra. Ẹni tó sanra á fẹ̀gbẹ́ kọjá, báágì ẹ̀yìn á sì di gbígbé lọ́wọ́ níwájú. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan kọjá lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ̀yìn má ti iwájú. Nínú ihò ni àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun, ní nǹkan bí 1830, lábẹ́ Ṣódẹkẹ́, olórí wọn. Ẹ ó rí àwọn kòtò tó wà lójú òkúta tí wọ́n fi ń lọ nǹkan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wọlé, ẹ sì ka mẹ́ta kí ẹ tó nàró lẹ́yìn tí ẹ bá jáde, torí ìgbà ìjáde ni orí ń gbá òkúta jù. Ojúbọ Olúmọ kì í ṣe ibi ìṣeré. Ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ má ya fọ́tò láìtọrọ àyè, bí ẹ bá sì bá àgbàlagbà tó ń bójú tó ibẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí wọn kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn.

Lórí ṣóńṣó, ẹ ó rí Odò Ògùn, ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's ní Aké, mọ́sáláṣí ńlá, àti páànù ìpẹtà lọ bẹẹrẹbẹ. Fọ́tò ni ewu ibẹ̀. Ẹni tó ń ya fọ́tò ń fà sẹ́yìn kí gbogbo èèyàn lè wọlé sínú rẹ̀, kò sì ní ojú lẹ́yìn. Òfin kan ṣoṣo ni: ẹni tó ń ya fọ́tò kò gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń yà ni kó máa sún, kí wọ́n sì wà ní ìgbésẹ̀ méjì sí etí àpáta, ó kéré tán.

Bí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá fi máa sán, kí ẹ fi mẹ́ta pín in: iye kìlómítà tó jìn sí yín nìyẹn. Bí ó bá kéré sí 30 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ kúrò lórí ṣóńṣó lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró sábẹ́ igi tó dá dúró. Bí oyin bá tú síta, ẹ má fi aṣọ lé e, ẹ fi aṣọ bo ojú kí ẹ sì kúrò níbẹ̀ kíá. Ejò kò wọ́pọ̀ níbi tí èèyàn ti ń lọ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ki ọwọ́ bọ inú pàlàpálá tí ojú yín kò rí.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló kù, ibẹ̀ sì ni ìṣubú pọ̀ sí. Ohun tó fà á ni pé nígbà tí ẹ bá ń gòkè, iṣan itan ń kó ara jọ láti gbé yín. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ó ń na ara rẹ̀ bó ṣe ń dá yín dúró, iṣẹ́ yẹn ló ń ba iṣan jẹ́ jù. Ìdí nìyẹn tí itan fi ń gbọ̀n lágbedeméjì àtẹ̀gùn, tó sì ń dùn yín ní ọjọ́ kejì àti ìkẹta. Ẹ sinmi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lókè, ẹ mu omi, ẹ tún okùn bàtà dì kó le sí i. Ìgbésẹ̀ kúkúrú, orúnkún títẹ̀ díẹ̀, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ nílẹ̀, kì í ṣe gìgísẹ̀ nìkan. Níbi tó bá ga jù, ẹ kọjú sí òkúta kí ẹ fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, ohun mẹ́ta nínú ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì kí ó máa kan òkúta nígbà gbogbo. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àgbàlagbà kan wà níwájú ọmọdé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí ó lè dá a dúró bí ó bá ń sáré. Fóònù wà nínú àpò.

Bí ọrùn ẹsẹ̀ ẹnì kan bá rọ́, ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ fi bándéèjì dì í, kó má le débi tí ìka á fi kú tipiri, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ fi píọ̀-wọ́tà tútù lé e. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró gbígbóná ra á lọ́jọ́ yẹn tàbí ọjọ́ kejì. Ooru àti fífà ń mú kó wú sí i ni. Bí kò bá lè tẹ ẹsẹ̀ náà nílẹ̀ fún ìgbésẹ̀ mẹ́rin, fọ́tò egungun ló kàn, nílé ìwòsàn. Ẹni tí orí ń fọ́, tí òòyì ń kọ́, tí òógùn bò ó, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ fún un lómi díẹ̀díẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù nu ọrùn rẹ̀. Bí ó bá ń sọ ìsọkúsọ tàbí tó ń dákú, ẹ má dúró wò ó, ilé ìwòsàn ni.

Bí ẹ bá fẹ́ ra àdìrẹ ní Ìtòkú, ẹ̀yìn ìsọ̀kalẹ̀ ni, kí ẹ má baà gbé aṣọ ọ̀pá márùn-ún gun àpáta. Ẹni tó bá sì fẹ́ wọ rélùwéè padà sí Èkó tàbí Ìbàdàn, ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká wà ní Láderin, kò sí nítòsí Olúmọ rárá. Ẹ wo aago ọkọ̀ kí ẹ tó gun òkè, kí ẹ sì fi wákàtí kan gbáko sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ inú ìlú.